Ẹja Orúkọ Lábẹ́ Yìnyín

Ọ̀pá mọ́ọ̀pù mi ni mo kọ́kọ́ wá tì. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo fẹ́ nu ilẹ̀ kíṣìnì, mo bá orí mọ́ọ̀pù lásán nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo fa dúrọ́ọ̀, fọ́ọ̀kì onírin gígùn méjì tí mo fi ń yí ẹran díndín kò sí níbẹ̀. Mo pe Bàámi, Bàámi kò dáhùn. Bàtà òjò tí mo rà fún wọn kò sí lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà tí mo ro ọ̀pá pọ̀ mọ́ fọ́ọ̀kì, tí mo tún ro méjèèjì pọ̀ mọ́ ohun tí a jọ wò lórí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ àná, mo tún kóòtù mi wọ̀ láì tíì fi nǹkan kan ẹnu.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé ọkùnrin ará Ẹ̀pẹ́ dé Eccles lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manchester nínú òtútù. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Moss Side ló lóyún, lẹ́yìn tí a ti gbààwẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì títí tí ẹnu wa fi gbẹ. Ìyá wa ti di olóògbé. Bàámi ní àwọn ò ní jókòó sílé kí àwọn máa gbọ́ igbe ọmọ-ọmọ àwọn lórí fóònù, ni wọ́n bá wọ bàálù. Ilé àbúrò mi kéré, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti gba yàrá kejì, torí náà ọ̀dọ̀ mi ni Bàámi dé sí. Ìparí ọdún 2010 ni, ọdún tí gbogbo Manchester funfun, tí bọ́ọ̀sì kò lè gun òkè, tí canal tó gba ẹ̀yìn àdúgbò wa kọjá dì gbagidi, tí pẹ́pẹ́yẹ ń rìn lórí omi bí ẹni ń lọ sí ìpàdé. Èmi kò fẹ́ràn òtútù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ nígbà náà, mi ò sì tíì dárí jì í títí dòní.

Apẹja ni Bàámi, ọmọ apẹja sì ni wọ́n. Àwọ̀n ni gbogbo ayé ń dà sí ọ̀sà, ṣùgbọ́n nílé tiwa, ẹni tó bá lè dúró lórí ọkọ̀ tóóró, kí ó máa wo omi, kí ó sì fi ọ̀kọ̀ gún ẹja lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹni yẹn nìkan ni wọ́n ń pè ní apẹja. Ọ̀kọ̀ ni Bàámi fi rán wa lọ sí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n orúnkún ti dá wọn dúró, wọn ò lè dúró nínú ọkọ̀ mọ́. Wọn kì í sọ ọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n, wọ́n á ní àwọn kàn ń sinmi ni.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ilé tiwa, ẹja là ń wò. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, àgbà ilé á ti inú odò mú ẹja bọ̀ láàyè, wọ́n á dà á sínú àwo omi, àgbà á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á di ẹja mú, á sì pe orúkọ ọmọ nígbà tí ẹja bá ń jà lọ́wọ́ rẹ̀. Orí ni ẹja fi ń la ibú já, ọmọ yìí náà á fi orí rẹ̀ la ayé já. A ó ṣe àmín, a ó se ẹja, gbogbo ilé á jẹ ẹ́. Kò sí ìbọ kankan nínú rẹ̀ o. Bàámi fúnra wọn jẹ́ bàbá ìjọ, pásítọ̀ wa ní Manchester náà sì ní kò burú, tí a bá ti fi orúkọ Jésù parí rẹ̀. Òfin kan péré ló wà tí kò ṣeé yẹ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ẹja ló ń pe orúkọ. Àgbà tí kò bá lè mú ẹja mọ́, ó ti gbé ipò yẹn fún ẹni tó tẹ̀lé e nìyẹn, kò sì ní gbà á padà mọ́ láéláé.

Ẹni tó tẹ̀lé Bàámi ni àbúrò wọn tí à ń pè ní Bàbá Kékeré. Bàbá Kékeré ṣì ń wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́ ní Ẹ̀pẹ́. Bí àbúrò mi ṣe bímọ tán, ọmọbìnrin, kí a tó fi fọ́tò ránṣẹ́ pàápàá, Bàbá Kékeré ti pè. Wọ́n kí wa kú ewu ọmọ, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n ní kí n gbé fóònù fún ẹ̀gbọ́n àwọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire. Mo gbọ́ pé omi ọ̀hún ti dì."

"Ó dì díẹ̀," ni Bàámi wí.

"Ẹ má da ara yín láàmú. Èmi á mú ẹja níbí láàárọ̀ Saturday. Wọ́n á gbé fóònù sí spíkà lọ́hùn-ún, èmi á pe orúkọ ọmọ láti ibí. Ayé ti dayé ọ̀làjú."

Bàámi ní ó dáa, àwọn á rò ó. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n jókòó ti radiator tó ń mú ilé móoru. Iyán pọ́ńdò tí mo rò fún wọn tutù síwájú wọn. Inú bí mi sí Bàbá Kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé wọn ò ní in ní ibi. Àánú Bàámi sì ṣe mí, nítorí ọwọ́ wọn ni gbogbo wa ti gba orúkọ, èmi, àbúrò mi, àti gbogbo ọmọ ilé wa.

Èmi tí mo gbọ́n lójú ara mi, mo lọ sí ọjà, mo ra ẹja kan tó tóbi tí wọ́n tẹ́ sórí yìnyín, ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Mo gbé e síwájú Bàámi. Wọ́n fi ìka kan tẹ̀ ẹ́.

"Ṣé èyí lè jà?"

"Bàámi, ó ti kú."

"Òkú kì í sọ ọmọ lórúkọ. Lọ fi se ọbẹ̀."

Mo fi se ọbẹ̀. Ọbẹ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n kò yanjú nǹkan kan.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni tẹlifíṣọ̀n dá sí i. Mo ń yí i kiri, mo ń wá eré, mo kan ibi tí wọ́n ti ń fi adágún omi kan hàn ní Amẹ́ríkà, ó dì débi pé mọ́tò ń sáré lórí rẹ̀. Bàámi ní kí n dúró níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan kọ́ àgọ́ kéékèèké sórí omi dídì náà, wọ́n gé ihò tó fẹ̀ tó tábìlì, wọ́n ti ilẹ̀kùn kí inú àgọ́ lè ṣókùnkùn, wọ́n wá jókòó ti ihò náà pẹ̀lú ọ̀kọ̀, wọ́n ń wo ìsàlẹ̀. Wọn ò ṣe nǹkan mìíràn. Wọ́n ní ẹlòmíràn a máa jókòó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìrí nǹkan. Lẹ́yìn náà ni ẹja kan yọ lábẹ́ ihò, sturgeon ni wọ́n pè é, ó gùn ju ènìyàn lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ rí gbágungbàgun bíi ti ọ̀nì, ẹnu rẹ̀ sì wà lábẹ́ imú bí ẹnu arúgbó tí kò léyín. Ọkùnrin náà ju ọ̀kọ̀. Bàámi dìde dúró pẹ̀lú orúnkún yẹn, láìdi nǹkan kan mú.

"Ìjókòó ni wọ́n jókòó," ni wọ́n wí. "Ṣé o rí i? Ẹni tó jókòó kò nílò orúnkún."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi, mo lọ sùn. Mi ò mọ̀ pé èrò ti ń lọ nínú orí wọn.

Ibi tí mo ti bá wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, ni etí canal. Wọ́n fi okùn aṣọ mi di fọ́ọ̀kì méjèèjì mọ́ ẹnu ọ̀pá mọ́ọ̀pù, ó le dáadáa, ọ̀kọ̀ gidi ni. Wọ́n jókòó lórí garawa ọ̀dà tó wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ń gún yìnyín. Yìnyín náà kò gbọ́, fọ́ọ̀kì kan ti tẹ̀. Ọkùnrin òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń gbé òdìkejì ilé mi dúró tì wọ́n, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó ń wo ọ̀kọ̀ náà bí ẹni ń yẹ iṣẹ́ káfíńtà wò. Èmi àti òun kò tíì bá ara wa sọ ju good morning àti ọ̀rọ̀ bíìnì pàǹtí lọ láti ìgbà tí mo ti kó dé àdúgbò.

Ó bi mí bóyá bàbá mi nìyẹn. Ó ní kí n sọ fún wọn pé ọ̀kọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ yìí kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀kọ̀ mú ẹja nínú odò, ìwọ̀ nìkan ló gbà. Ó tún ní yìnyín ibí kò nípọn bíi ti Amẹ́ríkà, ẹni tó bá gorí rẹ̀ máa wọlé lọ bá ẹja ni. Mo túmọ̀ rẹ̀, mo sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí i.

"Bàámi, wọ́n ní ọlọ́pàá máa gbé yín, wọ́n á gbé ọ̀kọ̀ lọ́tọ̀, wọ́n á gbé ẹ̀yin náà lọ́tọ̀."

"Kí ni mo jí?"

"Ẹ ò jí nǹkan kan. Ẹ dìde, òtútù ń pa mí."

Wọn ò dìde. Wọ́n ní kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọkùnrin náà. Mi ò fẹ́ sọ ọ́, nítorí kò sí bí ènìyàn ṣe máa sọ irú rẹ̀ fún òyìnbó létí omi kí ó má rò pé orí ẹ ti yí. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Mo ní ọmọ-ọmọ wọn ń retí orúkọ, ẹja ni wọ́n fi ń pe é, ó gbọ́dọ̀ wà láàyè, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọwọ́ wọn ló mú un, bí wọn ò bá rí i mú, àbúrò wọn ló máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn títí ayé. Ọkùnrin náà fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. Ó bi mí pé ọjọ́ wo. Mo ní Saturday.

Ó ní òun wà nínú ẹgbẹ́ apẹja kan tó ní adágún lẹ́yìn Bolton, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ òwú àtijọ́ gbẹ́, tí wọ́n ń pè ní lodge. Ilé iṣẹ́ òwú ti kú, ẹja ló kù níbẹ̀. Ó ní ìyàwó òun ló máa ń bá òun lọ tẹ́lẹ̀, ó máa ń jókòó sínú van, á máa hun súwẹ́tà, á sì máa bú òtútù. Mo ní mo mọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní tó bá di àárọ̀ Saturday kí a múra.

Mo gba ìwé àṣẹ ìwọ̀ fún Bàámi, mo sì tú fọ́ọ̀kì mi kúrò lẹ́nu ọ̀pá náà kí wọ́n má bàa kó bá wa. Ọ̀pá yẹn di ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn. Bàámi kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìwọ̀ rárá. Wọ́n ní ìwọ̀ ni àwọn ọmọdé fi ń ṣeré létí omi tí àgbà bá ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí ọkùnrin náà ṣí fìríìjì rẹ̀ láàárọ̀ Saturday, tó mú ike ìdin jáde láti ẹ̀gbẹ́ bọ́tà, ìdin tó ń rìn, Bàámi wò mí.

"Inú ibi tó ń kó oúnjẹ sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Apẹja ni ọkùnrin yìí," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọ van.

Ètò tí èmi àti Bàámi ṣe rọrùn. A ó mú ẹja, a ó dà á sínú garawa pẹ̀lú omi rẹ̀, a ó wa van dé Moss Side kí ọ̀sán tó pọ́n, Bàámi á wọlé pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Mo ti múra ìsọmọlórúkọ sínú kóòtù, gèlè mi wà nínú báàgì. Mo se jọ̀lọ́ọ̀fù sínú fláàsì, mo fi tíì sí òmíràn. Adágún náà dákẹ́, omi náà funfun láti etí kan dé èkejì. Ọkùnrin náà gbé òkúta irin kan tó fi okùn so, ó ń jù ú lu yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó tí àwọn apẹja máa ń jókòó lé létí omi, ó ń fà á padà, ó tún ń jù ú. Bàámi ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, wọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún un. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó ní òun kò tíì jẹ oyin rí nínú òkúta, àmọ́ òun gbọ́.

Nígbà tí ihò náà tó tábìlì, ó gbé àga fún Bàámi. Bàámi ní garawa tẹ́ àwọn lọ́rùn. Wọ́n jókòó lórí pákó, wọ́n gbé ọ̀pá ìwọ̀ sórí ẹsẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ ihò náà bíi ti àwọn ara Amẹ́ríkà, ni wọ́n bá dákẹ́. Èmi kò tíì rí wọn kí wọ́n dákẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Nínú ilé mi, wọ́n máa ń ráhùn sí radiator, sí búrẹ́dì, sí oòrùn tó ń tètè wọ̀. Níbi yìí, òtútù ń gé wa létí, wọn ò ráhùn rárá. Èmi ni mo ráhùn fún gbogbo wa. Mo ní ẹsẹ̀ mi ti kú, mo ní imú mi ti kú, mo ní bí mo bá kú tán kí wọ́n fi ẹja náà sọ mí lórúkọ ní ọ̀run. Ọkùnrin náà ní ìyàwó òun sọ̀rọ̀ jù báyìí lọ.

A dúró, ẹja kò wá. Fóònù mi dún, àbúrò mi ni.

"Àǹtí, ẹ dà? Pásítọ̀ ti dé, àwọn ènìyàn ti pé, ọmọ ti wọṣọ. Bàbá Kékeré sì ti wà lórí fóònù ọkọ mi. Wọ́n ní ẹja tiwọn ti wà nínú àwo, wọ́n ní kí ni wọ́n ń retí."

"Sọ fún wọn pé kí wọ́n mú sùúrù."

"Wọ́n ní omi àwo náà ti ń gbóná."

Bàámi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọn ò yí ojú kúrò lójú omi. Wọ́n kàn fa fìlà wọn sílẹ̀ díẹ̀. Mo gbàdúrà nínú ara mi, mi ò tijú láti sọ ọ́, mo ní, Olúwa, ẹja kan péré ni, ìwọ lo dá gbogbo wọn.

Ìgbà tí ẹja gbé ìwọ̀, Bàámi kò pariwo. Ọwọ́ wọn kàn yí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń ṣí ìdérí ìkòkò. Ẹja náà jáde láti inú ihò, ó gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé ìka, ìlà dúdú wà lára rẹ̀, lẹbẹ rẹ̀ pupa. Ọkùnrin náà fi omi ra ọwọ́ ara rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kàn án, ó yọ ìwọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Ó ní ẹja tó dára jù ló ti jáde nínú adágún náà láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní kí n yà á ní fọ́tò. Mo yà á. Mo gbé garawa kejì tí a fẹ́ fi gbé e lọ súnmọ́ ọn. Ni ọkùnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ dá ẹja náà padà sínú ihò.

Bàámi di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ̀ pé ohun tí a ń sọ láti ọjọ́ yìí kì í ṣe ohun kan náà. Ọkùnrin náà rò pé Bàámi fẹ́ mú ẹja. Àwa rò pé ẹni tó mú ẹja á mú un lọ sílé. Ó wá ń ṣàlàyé fún mi, ojú tì í, pé ní ẹgbẹ́ àwọn kò sí ẹja tó ń kúrò nínú adágún. Tí ènìyàn bá mú un, ó lè fi sínú àwọ̀n gígùn kan nínú omi títí tó fi máa lọ sílé, lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ dá a padà. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Bàámi.

"Wọ́n ń mú un, wọ́n ń dá a padà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wọn kì í jẹ ẹ́?"

"Wọn kì í jẹ ẹ́, sà."

"Kí ni wọ́n wá ń ṣe nínú òtútù yìí?"

Èmi náà kò mọ̀. Ọkùnrin náà rọra fi ẹja náà sínú àwọ̀n rẹ̀ nínú ihò, kí ó lè máa mí nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀. Ó ní bí ó bá jẹ́ tòun nìkan, òun ìbá jẹ́ kí a gbé e lọ, ṣùgbọ́n wọ́n á lé òun kúrò nínú ẹgbẹ́, ibẹ̀ nìkan ni òun sì ní tí òun ń lọ báyìí. Bí mo ṣe túmọ̀ ìyẹn, Bàámi tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n jókòó padà sórí garawa. Wọ́n wo àwọ̀n náà, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n ti ń múra àtigbé ipò náà fún Bàbá Kékeré, ó sì dùn mí dé ọkàn.

Fóònù tún dún. Mo fẹ́ pa á. Bàámi ní kí n má pa á.

"Ẹja ni kò lè kúrò níbí," ni wọ́n wí. "Ta ló ní orúkọ kò lè kúrò? Sọ fún àbúrò rẹ kí ó gbé fóònù sí spíkà. Kí ó fi fóònù ọkọ rẹ̀ kojú sí i, kí àbúrò mi náà lè gbọ́."

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní Moss Side. Wọ́n gbé fóònù méjèèjì sórí tábìlì, wọ́n fi ẹnu kọ ẹnu, ọmọ wà láàárín. Ohùn Bàbá Kékeré kọ́kọ́ wọlé láti Ẹ̀pẹ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú òtútù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ bi yín. Ṣé ẹ rí ẹja? Ọwọ́ ta ló mú un? Ṣé ó wà láàyè?"

Bàámi bọ́ ìbọ̀wọ́ wọn, wọ́n ká ọwọ́ kóòtù, wọ́n kúnlẹ̀ lórí orúnkún yẹn. Ọkùnrin náà di ẹ̀yìn kóòtù wọn mú. Wọ́n ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi yìnyín yẹn dé ìgúnpá, wọ́n di ẹja mú nínú àwọ̀n, wọ́n sì fi ojú pè mí. Mo na fóònù sí ojú omi. Ẹja náà fi ìrù lu omi, ó tún lù ú, omi ta sí mi lójú, ó ta sára fóònù. Ó jà fún ara rẹ̀ dáadáa.

Mo gbọ́ tí àbúrò mi ń pa àwọn ọmọdé lẹ́nu mọ́ ní Moss Side.

"Mo gbọ́ ìrù rẹ̀," ni Bàbá Kékeré wí níkẹyìn. "Ẹ pe orúkọ ọmọ, ẹ̀gbọ́n."

Bàámi sì pè é. Wọ́n pe èkíní, wọ́n pe èkejì, wọ́n pe oríkì rẹ̀ tí ó jẹ́ ti ìyá wa. Mi ò ní kọ wọ́n síbí, orúkọ ọmọ náà ni, òun ló ni ín. Ètè wọn ti ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò gbọ̀n. Wọ́n ní orí ni ẹja fi ń la ibú já, orí rẹ á là ọ́ já nílẹ̀ yìí àti nílé, ní orúkọ Jésù. Ọmọ sunkún lórí fóònù, gbogbo ilé ṣe àmín, pásítọ̀ ṣe àmín tó ga ju tẹnikẹ́ni lọ. Ọkùnrin òyìnbó náà ti ṣí fìlà, àmín tirẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé. Èmi sunkún. Mo sọ fún wọn pé òtútù ni, kì í ṣe òtútù.

"Tèmi náà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ nínú àwo," ni Bàbá Kékeré wí. "A máa fi jẹ ẹ̀bà."

Bàámi fúnra wọn ló dá ẹja náà padà. Wọ́n tú u sílẹ̀ nínú ihò, ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rántí nǹkan, lẹ́yìn náà ó fi orí lọ sábẹ́ yìnyín. Mo nu ọwọ́ wọn pẹ̀lú gèlè mi, òun nìkan ló gbẹ lọ́wọ́ wa. Wọn ò wò mí, ihò náà ni wọ́n ń wò.

"Gbogbo ẹja tí mo fi sọ yín lórúkọ," ni wọ́n wí, "a jẹ wọ́n tán. Ti ọmọ yìí nìkan ló ṣì wà láàyè."

A dé Moss Side lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti ń jẹun. Ọkùnrin náà bá wa wọlé, wọ́n bu jọ̀lọ́ọ̀fù fún un, ata ta á lẹ́nu, ó mu omi púpọ̀, ó sì tún gbé àwo fún wọn. Bàámi gbé ọmọ lọ́wọ́, wọ́n ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tì wọ́n pé àwọn ti pẹja lábẹ́ yìnyín. Bí ìtàn náà ṣe ń lọ ni ẹja náà ń gùn. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ti tó sturgeon.

Wọ́n padà sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí òtútù rọ̀. Ìgbà tí ọmọ mìíràn dé sílé wa lọ́hùn-ún, wọ́n fúnra wọn ní kí Bàbá Kékeré mú ẹja, kí wọ́n sì pe orúkọ. Wọn ò bínú, wọn ò wo ilẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti ní ẹja kan tó ń bá àwọn ṣiṣẹ́ ní Bolton.

Ṣùgbọ́n láti ọdún náà ni wọ́n ti fi ìyọnu sí mi lọ́rùn. Bí December bá ti dé, wọ́n á pè.

"Ṣé omi ti dì lọ́hùn-ún?"

"Ó dì, sà."

"Lọ la ojú rẹ̀ fún mi, kí ẹja mi lè mí."

Mo ní ọkùnrin náà sọ pé ẹja mọ bí wọ́n ṣe ń gbé abẹ́ yìnyín láìsí ìrànlọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ọkùnrin náà gbọ́n, ṣùgbọ́n kí n lọ. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi ni. Mo máa ń dúró níbẹ̀ tí mo bá parí shift, mo máa ń fa ọ̀pá mọ́ọ̀pù yẹn jáde láti inú búùtù mọ́tò mi, mo máa ń gún etí yìnyín títí omi fi yọ, mo sì máa ń bú òtútù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò rí ẹja náà rí.

Ọdún kan mo mú ọmọ náà dání. Ó ti ń lọ sí school, ẹnu rẹ̀ kún fún òyìnbó Manchester, Yorùbá rẹ̀ kò ju ẹ káàárọ̀ àti mo fẹ́ jẹun lọ. Mo na fóònù, Bàámi wà lórí rẹ̀ láti Ẹ̀pẹ́, wọn ò jáde nílé mọ́ nígbà yẹn. Mo gún ihò. Ọmọ náà wò ó, ó ní "Y'alright, fish?", bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn níbí, lẹ́yìn náà ó dojúbolẹ̀ lórí pákó, èmi sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó gbé ẹnu sẹ́nu ihò náà, ó pe gbogbo orúkọ ara rẹ̀ sínú omi, èkíní, èkejì, àti oríkì. Ohùn rẹ̀ ń ṣubú síbi tí kò yẹ, ṣùgbọ́n kò fo ọ̀kankan.

Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní kí ẹja náà má bàa gbàgbé.

Mo gbé fóònù sétí, mo rò pé ó ti já. Bàámi wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún un pé ẹja náà gbọ́.